Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí ẹ tó ra fúláàtì ní àárín gbùngbùn Amsterdam

Àwọn ilé àtijọ́ etí odò àgbẹ́ Amsterdam rẹwà lóòótọ́. UNESCO fi agbègbè náà sára ogún àgbáyé ní 2010. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Orí òpó igi tí wọ́n gbá wọ inú ilẹ̀ rírọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn dúró lé. Bí omi abẹ́ ilẹ̀ bá fà, tí atẹ́gùn sì kan orí igi náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ilé á sì máa rì. Owó ńlá ni àtúnṣe rẹ̀, gbogbo onífúláàtì ló sì máa dá a. Nítorí náà, ẹ ka ìwé ìṣirò owó VvE, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onífúláàtì ilé náà. Èyí tí àpò rẹ̀ bá gbẹ, ẹ sá fún un o, bó ti wù kí fèrèsé ibẹ̀ dára tó!

Ẹ tún wò ó bóyá ilẹ̀ àyálò ni: láti 1896 ni ìjọba ìlú ti ń yáni nílẹ̀. Bí ilé bá jẹ́ rijksmonument, ìyẹn ilé ìtàn tí òfin orílẹ̀-èdè dáàbò bò, ẹ ò lè dédé pààrọ̀ fèrèsé láìgbàṣẹ.

Lẹ́yìn tí ẹ bá gba ìwé àdéhùn tí ẹ ti jọ fọwọ́ sí, ẹ ní ọjọ́ 3 láti yí ọkàn padà láìsan owó ìtanràn. Ẹni tó ń tà á kò ní irú àǹfààní yẹn.