Ìdíje Àlọ́ Tí Iṣẹ́ Jẹ́ Ẹ̀bùn Rẹ̀

Ẹni tó bá borí nínú ìdíje, a mọ̀ pé ẹ̀bùn ni yóò gbà, tí yóò sì lọ sinmi. Ọ̀tọ̀ ni ti ìdíje àlọ́ tí à ń pè ní Mystery Hunt, èyí tí wọ́n ń ṣe ní oṣù kìn-ín-ní ọdọọdún ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT, ní Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ rí owó ẹyọ tí a fi pamọ́ ni yóò pilẹ̀ gbogbo àlọ́ ọdún tó ń bọ̀.

Brad Schaefer, akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1981. Ẹ̀yin òǹkàwé, wọn kì í sábà sọ ohun tí wọ́n ń béèrè! Ó lè jẹ́ àwòrán lásán ni olùdíje yóò bá níwájú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá ìbéèrè rí kí ó tó wá ìdáhùn. Àwọn ìdáhùn kéékèèké wọ̀nyí ni wọn yóò kó jọ láti túmọ̀ àlọ́ ńlá kan. (Àlọ́ àpamọ̀ tiwa, kí a tó bọ́ sórí àlọ́ onítàn ló ti ń parí.)

Lọ́dún 2013, ó gbà ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Lójú tèmi, apàlọ́ ló jẹ̀bi irú èyí: a ń pa àlọ́ kí a lè mọ̀ ọ́n ni.

Nígbà tí àrùn Kòrónà kò jẹ́ kí wọ́n péjọ lọ́dún 2021, àwọn apàlọ́ ya ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà sínú kọ̀ǹpútà, olúkúlùkù sì ń rìn kiri inú rẹ̀ láti ilé bí ẹni ń ṣeré. Ẹgbẹ́ Palindrome ló borí. Wọn kò tíì yọ̀ tán tí iṣẹ́ 2022 fi dé sí wọn lọ́rùn.