Aago Ọwọ́ Tó Sọ Òótọ́ Fún Mi

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ kan tí a ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ CPR, wọ́n fi aago kan sí mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n máa tẹ àyà ère tí a fi ń kọ́ṣẹ́. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n ṣe. Kò pé ìṣẹ́jú méjì tí aago fi tú mi fó: mo ń yára jù, àyà ère náà kò sì wọlé tó mọ́. Ó ti rẹ̀ mí, n kò mọ̀.

Bí ọkàn ènìyàn bá dúró lójijì, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ọpọlọ mọ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ọwọ́ ẹni tó ń tẹ àyà ló ń ṣe iṣẹ́ ọkàn títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Fún àgbàlagbà, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí àyà wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, kí ẹ sì jẹ́ kó padà sókè pátápátá kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́.

Irú ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ìṣísẹ̀ yín nínú aago ló ń mọ bí ọwọ́ ṣe ń yára tó àti bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀ tó. Kì í ṣe gbogbo aago ló ní ètò yìí o. Bí ẹni náà bá sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, aago lè ka bẹ́ẹ̀dì tó ń rì mọ́ ọn. Orí ilẹ̀ líle ló dára jù.

Ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni kí aago ti kọ́ yín. Lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá dé, ẹ má wá aago kiri. Bí ẹnì kan bá ṣubú, tí kò dáhùn, tí kò sì mí bó ṣe yẹ, ẹ pe 999, ẹ fi fóònù sí sípíkà, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà. Ẹni tó gbé fóònù á máa tọ́ yín sọ́nà. Kí ẹlòmíì sáré lọ mú defibrillator wá. Ẹ máa gbà á fún ara yín ní ìṣẹ́jú méjì-méjì. Bó bá jẹ́ nínú ìjọ ni, kí àwọn kan máa gbàdúrà, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ ẹnì kan wà lórí àyà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, láti 2020 ni CPR ti wà lára ẹ̀kọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba ní England. Ẹ kọ́ àwọn òbí yín. Ẹ̀yin òbí, ẹ má sọ pé ọmọdé ni wọ́n. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.