Bọ́lẹ̀kájà: Ọkọ̀ Ti Lọ, Ọ̀rọ̀ Ṣẹ́kù

Ní sáà tó kọjá, iṣẹ́ àṣekágbá mi gbé mi dé ilé bàbá bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́. Orúkọ tí Yorùbá ń pe oríṣiríṣi ọkọ̀ ni mo ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Nígbà èwe wọn, wọ́n ṣe ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ nínú bọ́lẹ̀kájà tó máa ń gbéra ní Ẹ̀pẹ́, tí yóò gba Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù já sí Ìkòròdú. Mo gbé fóònù kalẹ̀ láti gba ohùn wọn sílẹ̀, mo sì fi ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀: "Bàbá, ẹ̀yin lẹ jayé o! Ẹ sọ̀rọ̀ bọ́lẹ̀kájà fún mi."

Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ta ló jayé?"

Màá padà sórí ìbéèrè yẹn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ.

Irú ọkọ̀ wo ni?

Orí àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ nìkan ló máa ń ti òkè òkun wá: ẹ́ńjìnì, táyà àti irin tó so wọ́n pọ̀. Bedford tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì wọ́pọ̀ gan-an nínú wọn. Káfíńtà ilé ló máa ń fi pákó kan ara rẹ̀. Wọn yóò to bẹ́ǹṣì sínú rẹ̀, wọn yóò fi òrùlé lé e, ẹni tó ń kọ lẹ́tà yóò sì wá fi ọ̀dà kọ ọ̀rọ̀ sí iwájú àti ẹ̀yìn: Ìyá Ni Wúrà, Ayé Ń Lọ, Kò Sọ́ba Bí Ọlọ́run. Èrò, ẹja, gààrí, ewúrẹ́, gbogbo wọn ló jọ ń wọ̀ ọ́.

Iṣẹ́ ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ju kó gbowó lọ. Bí ọkọ̀ bá ń gun òkè tí agbára rẹ̀ tán, òun ni yóò fò sílẹ̀ pẹ̀lú igi ńlá kan, tí yóò sáré fi há ẹ̀yìn táyà kí ọkọ̀ má baà fà sẹ́yìn. Bàbá ní ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá yá kì í pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà.

Gbólóhùn tó di orúkọ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa nìyí. "Bọ́ sílẹ̀ kí a jà" ni gbólóhùn náà. Kọ́ńsónáǹtì inú "sílẹ̀" jẹ, ó di "bọ́ọ́lẹ̀". "Kí a" sún mọ́ra, ó di "ká". Àṣẹ àti ìpè sí ìjà para pọ̀ di ọ̀rọ̀-orúkọ kan ṣoṣo, tí a lè kà (bọ́lẹ̀kájà méjì), tí a sì lè yán (bọ́lẹ̀kájà àtijọ́). Irú iṣẹ́ kan náà ló bí "kòtẹ́milọ́rùn" ní kóòtù. "Tòkunbọ̀" náà jẹ́ gbólóhùn tẹ́lẹ̀: orúkọ ọmọ tí a bí lókè òkun ni, kó tó di orúkọ ọkọ̀ àlòkù.

Àwọn kan ní ìjà àwọn ọmọ ọkọ̀ lórí èrò ló fa orúkọ náà. Àwọn mìíràn ní èrò tó fún mọ́ra lórí bẹ́ǹṣì, tí orúnkún ń gbá orúnkún, ló máa ń pe ara wọn níjà. Èyí ó wù kó jẹ́, àwọn tó ń wọ ọkọ̀ náà ló sọ ọ́ lórúkọ, kì í ṣe ẹni tó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ rìn ju ọkọ̀ lọ. Nígbà tí Chinweizu, Onwuchekwa Jemie àti Ihechukwu Madubuike ń bá àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà fa ọ̀rọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1980, orúkọ bọ́lẹ̀kájà ni wọ́n fún ara wọn gẹ́gẹ́ bí alárìíwísí. Kò sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ Yorùbá.

Ọkọ̀ ojú omi ló ṣáájú

Ẹ rántí pé ìlú ẹ̀bá ọ̀sà ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó lẹ́yìn ogun ọdún 1851, tó sì lọ tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, kò sí mọ́tò kankan. Ọkọ̀ tí wọ́n mọ̀ nígbà náà ni èyí tí wọ́n fi igi gbẹ́. Nígbà tí mọ́tò dé, Yorùbá kò wá ọ̀rọ̀ tuntun lọ títí. A gbé "ọkọ̀" kúrò lójú omi wá sórí ilẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe sì tẹ̀ lé e. "Wà" tí à ń lò fún ẹni tó mú àjẹ̀ lọ́wọ́ ni à ń lò fún ẹni tó di ìdarí ọkọ̀ mú. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà ní ("ó ń wà á"), àmọ́ ó máa ń di ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e ("ó ń wa ọkọ̀"). Nítorí náà, gbogbo awakọ̀ dánfó tó ń pariwo ní gáréèjì Ìkòròdú, iṣẹ́ atukọ̀ ọ̀sà ló ń jẹ́ lórúkọ.

Ohun tí Bàbá sọ

Lẹ́yìn tí a jẹun tán, Bàbá dá ìbéèrè wọn lóhùn fúnra wọn. Wọ́n ní ọ̀gá wọn, awakọ̀ tó kọ́ wọn níṣẹ́, fẹ́ràn eré. Bí ọkọ̀ mìíràn bá yọ lẹ́yìn, yóò tẹ ẹ́ kí wọ́n lè ṣáájú débi tí èrò wà. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ á máa hó, èrò á máa pàtẹ́wọ́. Ní ọjọ́ kan, bíréèkì kò mú. Bàbá fò sílẹ̀ pẹ̀lú igi wọn, àmọ́ ọkọ̀ ti sáré ju igi lọ. Ọ̀gá wọn kú síbẹ̀, òun àti ìyá ẹlẹ́ja kan.

"Igi yẹn wà lọ́wọ́ mi," ni wọ́n wí. "Ó wà lọ́wọ́ mi títí wọ́n fi gbà á."

Mo pa fóònù. Ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín ni mo wá kó jọ, mi ò mọ̀ pé orí ibojì ni mo jókòó sí. Mo wá rántí Wole Soyinka. Ní 1965 ló gbé eré The Road jáde, tó kún fún awakọ̀, ọmọ ọkọ̀ àti ikú ojú títì. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní 1988, òun ni alága àkọ́kọ́. Ẹni tó fi ọkọ̀ àtijọ́ ṣeré orí ìtàgé náà mọ ohun tó ń pa.

Ǹjẹ́ ó yẹ ká ṣàárò wọn?

Bọ́lẹ̀kájà lọ, mólùè gba ipò rẹ̀, mólùè náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Láti 2015 ni ọ̀nà BRT ti dé Ìkòròdú, èrò sì ń jókòó jẹ́ẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ lẹ́tà mẹ́ta ni orúkọ yẹn, èrò kọ́ ló sọ ọ́. Síbẹ̀, ẹnu wa kò tíì kú. Ọ̀kadà, orúkọ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, la fi pe alùpùpù. Marwa, tó jẹ́ alákòóso ológun ní Èkó láti 1996 sí 1999, ti di kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Inú dánfó, ẹni tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ṣì ń ké pé "Ó wà o!", gbólóhùn tó pé ni láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

Èrò tèmi ni pé ká máa ṣàárò ọ̀rọ̀ náà, ká má ṣàárò bíréèkì tí kò mú. Àwọn tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀ mọ́. Bí ẹ bá ní bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà tó wọ bọ́lẹ̀kájà rí, ẹ lọ bá wọn jókòó ní ìsinmi tó ń bọ̀ yìí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ̀yin lẹ jayé" bíi tèmi. Ẹ bi wọ́n pé ta ló wà á, ta ló jókòó sẹ́yìn, ta ni kò délé.