Jọ́nà Ọ̀fẹ́ Nípa Ọrọ̀ Ajé: Báwo Ni A Ṣe Ń Wọn Ipa Rẹ̀?



Nígbà tí a bá lọ yẹ ìwé owó àwọn ẹgbẹ́ wò, ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa ń bi wá. Wọn a ní olùkọ́ kan wá láti yunifásítì tàbí láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga pọ̀lì, ó pín ìwé ìbéèrè fún àwọn, ó bèèrè iye tí oníkálukú ń fi pamọ́, iye tí ó yá, àti ohun tí ó fi owó náà ṣe. Wọ́n dá a lóhùn tinútinú. Láti ọjọ́ náà, wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Níbo ni ìdáhùn àwọn wọlé sí? Ta ni ó ṣe láǹfààní?

Ìbéèrè yìí tọ́. Ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń parí sí ni ìwé àtìgbàdégbà àwọn ọ̀mọ̀wé, èyí tí wọ́n ń pè ní jọ́nà. Nítorí náà, a fẹ́ ṣe àlàyé bí wọ́n ṣe ń wọn ipa tí jọ́nà kan ní, pàápàá jọ́nà ọ̀fẹ́ nípa ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ó bèèrè nígbà tí olùwádìí bá tún kan ilẹ̀kùn yín.

KÍ NI JỌ́NÀ Ọ̀FẸ́?

Kí jọ́nà tó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde, àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà a kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, bí a ti ń yẹ ìwé owó ẹgbẹ́ wò kí ìpàdé ọdọọdún tó gbà á wọlé. Ọ̀pọ̀ jọ́nà ni a kò lè kà láìsanwó. Jọ́nà ọ̀fẹ́ ni èyí tí ẹnikẹ́ni lè kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀. Ní ọdún 2002 ni àwọn tí wọ́n ti pàdé ní Budapest, ní orílẹ̀-èdè Họ́ngárì, gbé ìkéde jáde pé ó yẹ kí àbọ̀ ìwádìí wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Èyí kò túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tí ó ń sanwó. Ní ibòmíràn, ẹni tí ó kọ àpilẹ̀kọ ni ó ń san án. Ní ibòmíràn, ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ni ó ń gbé ẹrù náà.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ní ọdún 2007, ilé ìwádìí ọrọ̀ ajé tí ó wà ní ìlú Kiel, ní Jámánì, dá jọ́nà ọ̀fẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Economics. Nígbà náà, bí àpilẹ̀kọ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọn a gbé e síta ní gbangba, àwọn òǹkàwé a sọ èrò wọn lórí rẹ̀, kí àwọn olóòtú tó pinnu bóyá wọn yóò gbà á. Ó fara jọ ìpàdé gbogboogbò wa, níbi tí ọmọ ẹgbẹ́ ti lè dìde bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ akápò. Lẹ́yìn náà ni jọ́nà yìí bọ́ sí ọwọ́ ilé ìtẹ̀wé De Gruyter. Báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá irú jọ́nà bẹ́ẹ̀ ní ipa?

ÒṢÙWỌ̀N KÌÍNÍ: KÍKA ÌTỌ́KASÍ

Bí ọ̀mọ̀wé kan bá lo iṣẹ́ ẹlòmíràn, ó gbọ́dọ̀ tọ́ka sí i. Ní ọdún 1955, Eugene Garfield, ará Amẹ́ríkà, dámọ̀ràn pé kí a máa kó àwọn ìtọ́kasí wọ̀nyí jọ. Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní impact factor ti jáde.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní jọ́nà kan tẹ àpilẹ̀kọ 40 jáde ní ọdún 2021, ó sì tẹ 60 ní ọdún 2022. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 100. Bí àwọn òǹkọ̀wé bá tọ́ka sí àwọn àpilẹ̀kọ wọ̀nyí ní ìgbà 150 láàárín ọdún 2023, a ó fi 100 pín 150, a ó sì rí 1.5. Èyí ni impact factor jọ́nà náà fún ọdún 2023.

Òṣùwọ̀n yìí wúlò, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù mẹ́ta tí ẹni tí ó bá mọ ìwé owó ẹgbẹ́ yóò tètè rí.

Èkíní, ìpíndọ́gba lè tan ènìyàn jẹ. Bí ẹgbẹ́ kan bá ní ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá, tí mẹ́sàn-án fi ₦10,000 pamọ́ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, tí ẹnì kan ṣoṣo fi ₦910,000 pamọ́, ìpíndọ́gba wọn jẹ́ ₦100,000. Ẹni tí ó bá ka iye yìí nìkan yóò rò pé gbogbo wọn ni ọwọ́ wọn ti tẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àpilẹ̀kọ kan tàbí méjì ṣe lè gbé orúkọ jọ́nà ga, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ka ìyókù sí.

Èkejì, ọdún méjì kéré fún ìmọ̀ ọrọ̀ ajé. Àpilẹ̀kọ lè pẹ́ lọ́dún mélòó kan kí àwọn ẹlòmíràn tó lò ó, gẹ́gẹ́ bí kòkó tí a gbìn kì í ti í so lọ́dún kan náà. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń ṣírò ti ọdún márùn-ún pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ń ka ìbáwí pọ̀ mọ́ ìyìn. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff, gbé àpilẹ̀kọ jáde nínú American Economic Review, jọ́nà tí orúkọ rẹ̀ tóbi púpọ̀. Wọ́n ní bí gbèsè ìjọba bá ti ju ìdá 90 nínú 100 ohun tí orílẹ̀-èdè ń pèsè lọ́dún, ọrọ̀ ajé rẹ̀ a máa rọ̀. Ìpíndọ́gba tí wọ́n rí fún irú àwọn orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ fi ìdá 0.1 lọ sílẹ̀. Àwọn aláṣẹ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù di iṣẹ́ yìí mú nígbà tí wọ́n ń gé ìnáwó ìjọba kù.

Ní ọdún 2013, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Massachusetts ní Amherst, Thomas Herndon, gba ìwé ìṣirò náà lọ́wọ́ àwọn tí ó kọ ọ́. Òun pẹ̀lú àwọn olùkọ́ rẹ̀, Michael Ash àti Robert Pollin, rí i pé wọ́n ti ṣèèṣì yọ orílẹ̀-èdè márùn-ún kúrò nínú àròpọ̀ kan, wọ́n sì tako ọ̀nà mìíràn tí wọ́n gbà ṣírò. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, ohun tí wọ́n rí ni pé ìpíndọ́gba náà fi ìdá 2.2 lọ sókè. Àwọn méjèèjì gbà pé àṣìṣe wà nínú àròpọ̀ náà, bí wọ́n tilẹ̀ dúró lórí kókó ọ̀rọ̀ wọn. Gbogbo ẹni tí ó tọ́ka sí àpilẹ̀kọ yìí láti bá a wí ni ó tún fi kún iye ìtọ́kasí rẹ̀. Ìwé ìṣirò tí ó jáde síta ni ó jẹ́ kí a mọ òtítọ́, kì í ṣe iye ìtọ́kasí.

ÒṢÙWỌ̀N KEJÌ: KÍKA ÀWỌN TÍ WỌ́N GBÀ Á SÓRÍ Ẹ̀RỌ

Láti ọdún 1997 ni iṣẹ́ kan ti wà tí a ń pè ní RePEc, èyí tí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ń ṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìtẹ̀wé kọ̀ọ̀kan ń mú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ wá, a sì pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún ìlò gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe gan-an ni. RePEc ń ka ìtọ́kasí, ó sì ń ka iye ìgbà tí a gba àpilẹ̀kọ sórí ẹ̀rọ nípasẹ̀ rẹ̀, ó sì ń gbìyànjú láti yọ èyí tí ẹ̀rọ lásán ṣe kúrò. Síbẹ̀, gbígbà kì í ṣe kíkà. Gbogbo aláǹgbá ni ó da inú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Ní ọdún 2008, Philip Davis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbọ̀ ìdánwò kan jáde. Wọ́n fi ìbò yan àwọn àpilẹ̀kọ kan nínú jọ́nà 11, wọ́n sì sọ wọ́n di ọ̀fẹ́. Jọ́nà nípa ìṣiṣẹ́ ara ẹ̀dá ni wọ́n, kì í ṣe ti ọrọ̀ ajé, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kàn wá. Àwọn tí wọ́n gba àpilẹ̀kọ ọ̀fẹ́ sórí ẹ̀rọ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n láàárín ọdún àkọ́kọ́, ìtọ́kasí kò pọ̀ sí i. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà, kí ọ̀pọ̀ òǹkàwé jàǹfààní jọ́nà kan láìjẹ́ pé wọ́n ń kọ jọ́nà. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tí ó kà nípa bí a ṣe ń gba gbèsè padà, tí ó sì fi tún ìwé ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, kò ní tọ́ka sí ẹnikẹ́ni. Impact factor kò lè rí i. Bẹ́ẹ̀ sì ni òun gan-an ni a ṣe ṣí ilẹ̀kùn jọ́nà sílẹ̀ fún.

Ẹ ṢỌ́RA

Ní ọdún 1975, Charles Goodhart, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàkíyèsí pé òṣùwọ̀n tí aláṣẹ bá ti sọ di ohun èlò ìdarí kì í ṣeé gbára lé mọ́. Àwa náà ti rí i nínú iṣẹ́ wa. Bí a bá ní iye ẹ̀yáwó ni a ó fi yin ẹgbẹ́, àwọn kan yóò máa yá ẹni tí kò lè san án padà. Bákan náà ni àwọn oníjìbìtì ṣe ń dá jọ́nà sílẹ̀, tí wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ olùkọ́ tí ń wá ìgbéga, tí wọn kì í yẹ iṣẹ́ wò, tí wọ́n sì ń lẹ iye èké mọ́ ara wọn. Ilé-iṣẹ́ Clarivate ni ó ń ṣe ìṣirò impact factor. Iye tí kò bá ti ọ̀dọ̀ wọn wá, ẹ bèèrè ibi tí ó ti wá. Ìwé orúkọ àwọn jọ́nà ọ̀fẹ́ tí a ti yẹ̀ wò, DOAJ, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003 ní Yunifásítì Lund ní Sweden, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni láti yẹ̀ wò.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Nígbà tí olùwádìí bá tún wá bá yín, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kí ìgbìmọ̀ yín bi í ní nǹkan mẹ́rin:

1. Jọ́nà wo ni iṣẹ́ náà yóò ti jáde, ṣé àwọn ọmọ wa lè kà á láìsanwó?
2. Ta ni yóò yẹ iṣẹ́ náà wò kí ó tó jáde?
3. Ṣé orúkọ àti owó ọmọ ẹgbẹ́ kò ní hàn síta?
4. Ọjọ́ wo ni yóò padà wá sọ àbọ̀ fún ìpàdé gbogboogbò, ní èdè tí gbogbo wa gbọ́?

Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé ìpàdé, pẹ̀lú déètì. Nígbà tí a bá tún wá fún àyẹ̀wò, a ó bèèrè lọ́wọ́ yín bóyá olùwádìí náà padà wá.