ÈÈPO MỌ̀RÍŃGÀ DI AGBÉ-ARÓ-MÌ L'ÓGBÓMỌ̀ṢỌ́!

Ẹ̀yin ìyá aláró, yálà l'Óṣogbo lẹ wà tàbí n'Ítòkú l'Ábẹ́òkúta, ṣé ẹ mọ omi tó máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ àdìrẹ kúrò nínú aró? Gọ́tà ni ọ̀pọ̀ ń dà á sí. Bẹ́ẹ̀, gọ́tà kì í gbé nǹkan mì. Odò ló ń kó o lọ bá, òmíràn a sì máa rin ilẹ̀ wọnú kànga.

Láyé àwọn ìyá àgbà, ewé ẹ̀lú àti omi eérú ni aró. Àmọ́ lọ́dún 1897 ni iléeṣẹ́ BASF ti Jámánì gbé aró kẹ́míkà dé ọjà, oríṣiríṣi mìíràn sì ti kún ọjà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í tètè jẹrà nínú omi. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Rhodamine B, ó pupa fòò. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ti fòfin dè é nínú oúnjẹ.

Òun gan-an ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúgbéńgà Solomon Bello àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, dojú kọ. Lọ́dún 2017, ìwé wọn jáde lórí bí èédú tí wọ́n fi èèpo èso mọ̀ríńgà ṣe ṣe ń fa aró náà kúrò nínú omi. Èèpo tá à ń dà nù o!

Kì í ṣe idán. Ẹ sun èèpo ní gbangba, eérú lásán ló máa dà. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dé e pa mọ́nú ohun tí atẹ́gùn ò fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọ̀, èédú ni yóò dà, ihò wẹ́wẹ́ tójú ò lè rí á sì kún ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni aró ń lẹ̀ mọ́. Ní láàbù, wọ́n tún máa ń fi àsíìdì tọ́jú èédú kí ihò náà lè pọ̀ sí i. Àwọn onímọ̀ ti dán èèpo kòkó, èèpo àgbọn àti ṣùkù àgbàdo wò bákan náà.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí pé omi mọ́ lójú kó bù ú mu! Sódà tẹ́ ẹ fi po aró ṣì wà níbẹ̀. Èédú tó ti mu aró yó náà ti di ìdọ̀tí nìyẹn, ẹ má fi dáná, ẹ má sì dà á sóko ẹ̀fọ́.

Ẹjọ́ kan ló kù. Ìyá tó ń rẹ aṣọ ò ráyè ka ìwé láàbù. Kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa gbé dírọ́ọ̀mù èédú kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró, kí wọ́n da omi ìdọ̀tí gidi sí i lójú gbogbo wa, ká sì gbọ́ iye tí yóò ná aláró.