Ẹ̀rọ Géèmù Tàbí Kọ̀ǹpútà: Ẹ Ṣírò Kí Ẹ Tó Yá Owó

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àwọn kan nínú yín tí wọ́n fẹ́ yá owó ń bi wá pé, nínú ẹ̀rọ géèmù àti kọ̀ǹpútà, èwo ni owó rẹ̀ kéré láti rà fún ọmọ?

Lọ́jọ́ tí a rà á, ẹ̀rọ géèmù ni. Nígbà tí PlayStation 5 jáde ní ọdún 2020, $499 ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà. Kọ̀ǹpútà tuntun tó lè ṣe bíi tirẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èrè olówò kì í sábà wà lára ẹ̀rọ. Ní ọdún 2021, aṣojú Microsoft jẹ́rìí ní kóòtù pé àwọn kò jèrè rí lórí títa Xbox. Lára géèmù àti owó àsansílẹ̀ ni wọ́n ti ń rí tiwọn.

Owó àsansílẹ̀ yìí gan-an ló ń jẹni lábẹ́lẹ̀. Láti fi ọ̀pọ̀ géèmù tí a ti fowó rà bá ẹlòmíràn díje lórí íntánẹ́ẹ̀tì, PlayStation ń gba owó lọ́tọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, èyí tó kéré jù di $79.99 lọ́dún ní Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́rin irú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó $320. Kọ̀ǹpútà kì í sábà béèrè irú owó bẹ́ẹ̀.

PlayStation 5 kan tún wà tí kò ní ibi tí à ń ki àwo bọ̀, $399 ni nígbà tó jáde. Ẹ ṣọ́ra fún un: a ò lè ra àwo àlòkù sí i, a ò sì lè ta géèmù tó bá ti sú ọmọ.

Lóòótọ́, ẹ̀rọ géèmù ń lo tẹlifíṣọ̀n ilé. Ṣùgbọ́n ọmọ lè fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé, kí ìyá rẹ̀ sì fi ṣírò ọjà. Ilé tí kò bá ní kọ̀ǹpútà rárá, àwa ò ní gbà á nímọ̀ràn láti yá owó ra ẹ̀rọ géèmù.