Àfarawé àbùkù fíìmù àtijọ́

Àfarawé àbùkù fíìmù àtijọ́ ni fífi kọ̀ǹpútà ya ìlà, ìdọ̀tí àti ìfò àwòrán sójú sinimá òde-òní. Lórí fíìmù gidi, ẹ̀rọ ìfihàn ló máa ń ha á. Bí ó bá sì já, wọn a gé ibi tó bàjẹ́ dànù, wọn a lẹ ìyókù pọ̀, àwòrán a wá máa fò.

Kámẹ́rà dígítà ni Robert Rodriguez fi ya Planet Terror (2007) ní Amẹ́ríkà, síbẹ̀ ìlà kún ojú rẹ̀. Níbi tí eré ìfẹ́ ti ń gbóná ni fíìmù ti “jóná”, tí àkọlé kan sì sọ pé apá kan ti sọnù. Nígbà tí eré padà, iná ti ń jó ilé oúnjẹ. Àṣírí El Wray, tí ọ̀gá ọlọ́pàá ti gbọ́ ní apá tó sọnù náà, kò dé etí òǹwòran rárá.